Fìlà Tí Mo Gé fún Ojú Ẹ̀rọ

...ó ti tún dúró. Lónìí yìí náà, lónìí tí mi ò fẹ́ kó dúró — ṣé mi ò fẹ́? — kí n kọ́kọ́ mí ná. Kí n mí. Agolo mẹ́tàlá ló tò sórí bẹ́líìtì tó ń gbé wọn kọjá níwájú mi, wọ́n dúró jẹ́ẹ́ bí àwọn tó ń retí ọkọ̀ tí kò ní wá. Iná pupa orí ẹ̀rọ ń yí. Aago ti dún lókè lọ́hùn-ún, lẹ́nu ọ̀nà yàrá Ẹnjiníà. Mi ò gbọ́ ọ láti ibí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ti dún. Á ti dìde. Á ti máa wá bàtà rẹ̀ tó bọ́ sábẹ́ tábìlì.

Àtẹ̀gùn irin mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Mo ti kà á. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn, àgbàlá. Lẹ́yìn àgbàlá, ọ̀nà tóóró tí wọ́n to páálí sí, lẹ́yìn náà ni kọ́tìnnì rọ́bà tó bo ẹnu igun tèmi yìí. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí bàtà yẹn bá ń fún un lẹ́sẹ̀, mẹ́fà.

Ìṣẹ́jú márùn-ún tó láti bọ́ fìlà kúrò lójú ẹ̀rọ. Ó tó, ó tún ṣẹ́kù. Ìgbà mẹ́fà ni mo ti bọ́ ọ, mo á bọ́ ọ, mo á sọ ọ́ sápò aṣọ iṣẹ́ mi, mo á jókòó bí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀...

Ọwọ́ mi ti ń lọ síbẹ̀. Mo rí i tó ń lọ. Dúró ná, ìwọ ọwọ́ yìí. Ta ló rán ọ?

Kí n yọ owú etí mi. Hẹ̀n-ẹ́n. Báyìí ni ayé ṣe ń rí tí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Mo ń gbọ́ omi tó ń kán nínú páìpù. Mo ń gbọ́ ọ̀fun ara mi. Láti àárọ̀, kò sí ohun tó wọ etí mi ju gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ yẹn lọ, bí ẹnìkan bá tiẹ̀ ń pè mí kí n wá gba ìjọba, mi ò ní gbọ́. Wákàtí mẹ́jọ, èmi àti agolo. Èyí tó bá ní àbùkù, mo á yọ ọ́. Èyí tó bá dára, máa lọ, ọmọ mi. Mo ti bá agolo sọ̀rọ̀ débi pé mo mọ èyí tó ń ṣe fáàrí nínú wọn.

Kò tíì sí ìró lórí àtẹ̀gùn.

Ojú yẹn náà rèé. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ ń tàn, kò kú. Sẹ́ńsọ̀ ni Ẹnjiníà ń pè é, èmi ni mo sọ ọ́ ní ojú. Kò ju àtàǹpàkò mi lọ, orí rẹ̀ dúdú, ó dojú kọ bẹ́líìtì tọ̀sán-tòru. Agolo kọjá, iná á tàn, á kú. Tàn, kú. Tàn, kú. Ó ń kà wọ́n. Bí iná bá tàn tí kò bá kú, á gbà pé agolo kan ti há síwájú òun, á dá gbogbo ẹ̀rọ dúró kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà gun ara wọn lórí. Ọlọ́gbọ́n ni. Kíláàsì kẹta ni mo ti sá nílé ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ ọlọ́gbọ́n bí mo bá rí i.

Irin nìkan ló sì ń rí. Ìyẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Mo gbé ọwọ́ síwájú rẹ̀, kò rí mi. Mo gbé imú síwájú rẹ̀, mo tiẹ̀ yọ ahọ́n sí i, arúgbó ara mi yìí. Kò rí mi. Mo wá mú kọ́kọ́rọ́ yàrá mi jáde, iná tàn wàì. Mo ní bàbá, o ṣeun, kọ́kọ́rọ́ lo rí, o ò rí onílé.

Mo rẹ́rìn-ín títí. Èmi nìkan. Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnìkan wà tí mo lè sọ ọ́ fún...

Ìfẹ́ ni mo fi gé fìlà yẹn. Kí n má ba orúkọ ara mi jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìfẹ́ ni, àti ẹ̀rù. Ọ̀gá Aago ló fà á — ìnagijẹ ni, nítorí bó bá ń kí èèyàn, ọwọ́ aago rẹ̀ ló ń wò — òun ló dúró síbi tí àwọn agolo yẹn wà, ó nawọ́ sí ojú náà, ó ní, "Ẹni tí omi ẹ̀ bá ba nǹkan yìí jẹ́, kó gba ilé ẹ̀ lọ." Èmi sì rèé, èmi ni mo ń fọ bẹ́líìtì tí iṣẹ́ bá parí, rọ́bà omi lọ́wọ́ mi, omi tí kì í gbọ́ràn. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tó di àárọ̀, mo mú agolo mílíìkì tí mo ti mu tán, mo fi sísọ́ọ̀sì gé e yípo, mo ká etí rẹ̀ sínú kó má baà ya ẹni lọ́wọ́, mo gbé e wá, mo fi bọ ojú náà lọ́rùn. Ó bá a mu bí ẹni pé télọ̀ ló wọn orí rẹ̀. Mo dúró, mo ń wò ó, mo ń yọ̀. Mo ní omi, ó yá, wá.

Ó ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Ó ṣiṣẹ́ títí oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tó yá, páànù òrùlé gbóná, ooru sọ̀ kalẹ̀, iná tàn, kò kú mọ́, ẹ̀rọ dúró gbọnrangandan.

Mo fa fìlà náà yọ wéré, mo fi sápò. Wọ́n ti sọ fún wa pé a ò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun lé ẹ̀rọ. Ó sì wọlé, Ẹnjiníà yìí, ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ó fi sípánà há abíyá, irun rẹ̀ kún fún eruku. Ó wo ojú náà, ó gbé agolo kọjá níwájú rẹ̀. Tàn, kú. Tàn, kú. "Kò sí ohun tó ṣe é mọ́, Màmá." Mo ní hẹ̀n, bẹ́ẹ̀ náà ni mo rí i. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í díẹ̀, bóyá á tún ṣe bẹ́ẹ̀." Ó fa àpótí pákó yẹn, ó jókòó. Ó wá yíjú sí mi.

"Kí lẹ rí, Màmá? Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀."

Kí lẹ rí. Ẹni ọdún mélòó ni mí... ta ló bi mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn? Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ jáde bí ẹni ṣí ẹ̀rọ omi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí agolo, mo kọjá sórí orúnkún mi, mo débi ọkọ mi olóògbé tó máa ń hanrun bí ẹni ń fa tábìlì nílẹ̀, mo débi ọmọ mi tó bí ọmọ sílẹ̀ òkèèrè. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ló yẹ kí wọ́n máa gbé sórí rédíò." Wákàtí kan gbáko. Fìlà wà lápò mi, ó ń rin mí nítan bí ọmọ adìyẹ.

Ìró wo nìyẹn? Rárá. Páìpù ni.

Nígbà tó lọ, tí ooru rọlẹ̀, mo dá fìlà padà. Nítorí omi. Ìgbà yẹn, nítorí omi ni. Mo lè búra lórí ìyẹn.

Ìgbà kejì tó wá, ó ní ojú yìí àti èkejì rẹ̀ tó wà lápá ibẹ̀ yẹn ti sún mọ́ ara wọn jù, wọ́n ń dí ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó tú ọ̀kan, ó sún un jìnnà. Ìgbà kẹta, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ bẹ́líìtì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá gbogbo ẹ̀rúnrún irin tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò nígbà tó jáde, mo fi omi mi bọ́jú fún un. Ìgbà kẹrin ló yọ apá irin tó gbé ojú náà dúró kúrò, ó fi ike ṣe òmíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ayùn rẹ́ ike náà, níbí yìí, lórí orúnkún rẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún mi bó ṣe ń rẹ́ ẹ.

"Ojú yìí, Màmá, kì í ṣe iwájú nìkan ló ń wò. Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ náà. Irin ò gbọdọ̀ sún mọ́ orí rẹ̀ tó ìbú ìka mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á rò pé agolo ni. Wọ́n ṣe é pé kó dá wà." Ó fẹ́ eruku ike dànù. "Tí ooru bá sì mú, á máa ríran kọjá ibi tó yẹ díẹ̀. Irin tí kò rí láàárọ̀, á rí i lọ́sàn-án."

Wọ́n ṣe é pé kó dá wà. Mo ní irú ìṣẹ̀dá wo nìyẹn. Ìyẹn ni mo mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ti ìbú ìka mẹ́ta, ti irin ẹ̀gbẹ́, ti àárọ̀ àti ọ̀sán... mo gbọ́ ọ, mi ò sì gbọ́ ọ. Etí gbà á, ọkàn ní òun ò sí nílé.

Bẹ́ẹ̀ ni fìlà wà lápò mi. Agolo mílíìkì. Irin.

Mo dá a padà. Omi ṣáà ni.

Omi... ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló gbé ojú tuntun wá, ìyẹn ìgbà karùn-ún. Mo sọ fún un pé kó ṣọ́ra, pé omi máa ń ta sí i nírọ̀lẹ́. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó gba ife ike lọ́wọ́ mi, ó ki orí ojú náà bọ inú omi bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, ó mú sípánà sún mọ́ ìdí ife. Iná tàn. "Ẹ wò ó, Màmá, ó ń lúwẹ̀ẹ́. Omi ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ fọ bẹ́líìtì yín bó ṣe wù yín." Mo pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn bí ẹni wo idán. A jọ ki í bọmi, a yọ ọ́, a tún ki í bọmi.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún fi fìlà bọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Hẹ̀n-ẹ́n. Kí la ó pe ìyẹn?

Eruku. Eruku náà ń bẹ, ṣebí. Tàbí kí n ní àṣà ni. Ọwọ́ tó ti mọ́ ohun kan lára, a kì í... Èèyàn lè gbàgbé. Ara àgbà ti kún fún ìgbàgbé. Mo lè wọ bàtà òsì sẹ́sẹ̀ ọ̀tún, kí n rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà kẹfà, ìjẹrin, kò tilẹ̀ tú nǹkan kan. Ó jókòó, ó fi orí lé ọwọ́. Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí ń fi mí ṣeré, Màmá. Bí mo bá ti dé, ara rẹ̀ á yá." Mo ní bí ọmọ tó ní inú ń run òun títí ilé ìwé fi bẹ̀rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín, fìlà wà lápò mi, mo sì fi ọwọ́ tẹ àpò náà kó má baà dún.

Ó ti dé orí àtẹ̀gùn báyìí. Òun nìyẹn. Kọ̀... kọ̀... kọ̀. Kò sáré. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ńṣe ló ń sáré.

Kí ni yóò máa sáré fún? Àná ló sọ ọ́ fún mi lẹ́bàá ẹ̀rọ omi àgbàlá. Ó ń fọ ọwọ́, ó ń fọ ọ́ tán, ó ń tún un fọ̀. "Oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń dán mi wò á pé lọ́la, Màmá. Ọ̀gá ti sọ ọ́. Bó bá tún dúró lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó wo ìwé mi, kí n má wulẹ̀ padà wá." Mo ní bí kò bá dúró ńkọ́? "Wọ́n á fìdí mi múlẹ̀. Wọ́n á gbé mi lọ sí ilé kejì, níbi tí àwọn ẹ̀rọ ńlá wà." Ilé kejì, ó jìnnà síbí? "Ẹ̀yìn ògiri ni. Ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ la ó máa gbà."

Mo ní á dára. Mo ní ire ni. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo wúre fún un, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣe àmín, àmín, omi ń ro tótó ní ìka rẹ̀. Mo fi gbogbo ọkàn wúre náà. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀.

Mo padà sílé. Ilé... yàrá kan, àga méjì. Ọ̀kan ni mo ń jókòó lé, mo ń nu èkejì. Àná kì í ṣe ọjọ́ tí ọmọ mi ń pè, ọjọ́ ìsinmi ló ń pè. "Mọ́mì, ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀, mo ń bọ̀." Á sì gbé fóònù fún ọmọ ọmọ mi, olówó orí mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, á fi eyín tó yọ hàn mí, á fi bàtà hàn mí, lẹ́yìn náà á gbé mi kalẹ̀, á bá eré rẹ̀ lọ. Mo á máa wo àjà ilé wọn. Mi ò kì í pa fóònù. Mo mọ àjà yẹn dáadáa ju ti yàrá mi lọ: ojú ibi kan tí omi ti wọ̀ rí, tó rí bí ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀. Mo á máa gbọ́ ọmọ náà tó ń kọrin lọ́ọ̀ọ́kán, inú mi á máa dùn. Inú mi ń dùn lóòótọ́. Bí fóònù bá kú, mo á sọ fún àga kejì pé ọmọ yẹn ti ń dàgbà.

Nígbà tó di àárọ̀ òní, mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi, mo wá síbí. Mo sì...

Sọ ọ́. Ta ló ń gbọ́?

Mo wo kọ́tìnnì rọ́bà kí n tó fi fìlà náà sí i. Mo wò ó láàárọ̀ yìí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ẹni tó gbàgbé kì í wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kàn mọ́ ọn lára kì í dúró gbọ́ bóyá ẹsẹ̀ ń bọ̀. Olè ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bó bá dúró, wọ́n á lé e. Bí kò bá dúró, wọ́n á gbé e lọ. Ọ̀nà méjèèjì, kò ní gba abẹ́ rọ́bà yẹn wọlé mọ́. Mo ti ṣe ìṣirò náà, èmi tí mi ò kọjá kíláàsì kẹta, mo ti ṣe é délẹ̀ kí n tó dé orí ibùsùn lálẹ́ àná, mo ní — mi ò fi ẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ — mo ní ẹ̀ẹ̀kan sí i. Wákàtí kan péré. Mo mọ iye tó máa ná an, mo sì ní ẹ̀ẹ̀kan sí i.

Ó ti ń rìn lágbàálá. Òkúta wẹ́wẹ́ ń dún lábẹ́ bàtà rẹ̀.

Bí mo bá bọ́ ọ báyìí, ohun gbogbo á rí bí ó ti ń rí. Á gbé agolo kọjá, tàn, kú. Á jókòó lórí àpótí yẹn, àárẹ̀ á ti mú un, á bi mí léèrè ohun tí mo rí. Mo á sọ ìtàn kan fún un láti fi pa á lẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀kan tí mi ò tíì sọ fún un, ti ẹ̀gbọ́n mi tó lọ fẹ́ ìyàwó tó sì bá àna rẹ̀ jà nítorí àga. Ó dùn. Nígbà tó bá rẹ́rìn-ín tán, á gun àtẹ̀gùn náà padà lọ, wọ́n á fún un ní ìwé pé kó máa lọ, á sì máa rò pé òun ò mọ iṣẹ́ òun. Á máa rò ó títí ayé rẹ̀ pé ẹ̀rọ kan wà tí òun ò lè wò sàn. Kò sì sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ.

Bí mi ò bá bọ́ ọ, kò ní béèrè nǹkan kan. Á rí i. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa wò ó, ọmọ tó gbọ́n tó báyẹn. Irin yípo orí ojú, tòun ti lẹ́tà mílíìkì lára rẹ̀. Á gbé e lọ fún Ọ̀gá Aago, òun á wà, èmi á lọ. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù púpọ̀, àgbà tó bá rin ìrìn olè á gba ilé lọ náà ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìgbà tó bá gbé ojú kúrò lára fìlà, tó sì wò mí. Nítorí á ka gbogbo rẹ̀. Ìgbà mẹ́fà. Ọjọ́ tó dùbúlẹ̀ nínú ẹ̀gbin. Ọjọ́ tó rẹ́ ike lórí orúnkún. Ẹ̀rín tí mo rín.

Kí ni mo máa sọ fún un? Pé ẹ̀rù omi ló bà mí?

Ó ti dé ibi tí páálí wà. Ó ti fi àpótí irinṣẹ́ gbá ọ̀kan, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, á tún un tò.

Ọwọ́ mi tún ti gbéra. Bó ṣe fúyẹ́ tó... ìka méjì ló máa ń gbà, mo á fà á síwájú, á bọ́. Kò ní dún rárá.

Mo ti fi àwọn ọwọ́ náà sábẹ́ itan mi. Mo jókòó lé wọn lórí. Pákó tutù lẹ́yìn ọwọ́ mi.

Kì í ṣe omi. Kò tíì jẹ́ omi láti ọjọ́ tó ti ki í bọ inú ife. Kì í ṣe eruku, kì í ṣe ìgbàgbé. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ yìí bá ṣiṣẹ́ dáadáa láti àárọ̀ dé alẹ́, kò sí ẹni tó nílò láti mọ̀ pé mo wà níbí. Ẹnìkan ni mo ń fi fìlà yẹn pè. Ìgbàkígbà tí mo bá sì pè é, ó máa ń fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á sọ àtẹ̀gùn mọ́kànlélọ́gbọ̀n kalẹ̀, á wá jẹ́ mi.

Rọ́bà ẹnu ọ̀nà ti ń mì. Mo rí bàtà rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.